Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Àkọ́bí Mi

Èmi tí ìwé ilé ìwòsàn ń pè ní Oníṣègùn Àgbà fún Àìsàn Họ́mónù, tí àwọn ará àfonífojì ń pè ní Ìyá Ọrùn, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń pè ní Màámi nígbà tí inú wọn bá dùn sí mi, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí tábìlì ìjẹun mi ni mo wà, ọ̀sán ni, fèrèsé sì ṣí. Agbẹjọ́rò mi ló ń bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Orí mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ bi dókítà ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú ọkàn mi, ẹni tí mo bá tún oògùn tó kọ fún mi ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkàn mi ló ti rẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ mi. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Mo fagi lé ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí.

Ẹni mẹ́ta ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ. Àkọ́kọ́ ni agbẹjọ́rò mi, tí kì í rẹ́rìn-ín. Èkejì ni nọ́ọ̀sì tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kò-Ní-Dùn-Ọ́, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí ó tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀gá Fìlà, ẹni tí a jọ ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà yín. Ẹ fara balẹ̀, màá dé ibẹ̀.

1. Ilé tí mo ń gbé yìí, pẹ̀lú àgbàlá àti igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀, mo há a fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, kí wọ́n jọ ni ín. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fẹ́ gbé ibẹ̀, kí èkejì má bá a du yàrá iwájú.

Bàbá wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé náà. Bíríkìlà ni. Mo pàdé rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré inú àfonífojì, níbi tí kókó ọrùn ti pọ̀ lára àwọn ènìyàn. Ó wá bá wa tún ògiri tó sán ṣe. Mo ní kó jókòó kí n yẹ ọrùn rẹ̀ wò, bí mo ṣe ń yẹ ọrùn ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wò. Ó jókòó, ó gbójú sókè, ó ní ìgbà wo ni yóò wá kan òun láti yẹ tèmi náà wò. Nígbà tí a di tọkọtaya, ó máa ń sọ fún àlejò pé ọrùn òun ni mo fẹ́, kì í ṣe òun. Irọ́ ló ń pa. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́, nítorí bó ṣe máa ń fi í ra ara ògiri tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tán, bí ẹni ń ra orí ọmọ.

Ọmọ àfonífojì ni òun náà, àìsàn ọrùn wọn ló sì pa á. Ọmọ ọdún méjìlá ni àkọ́bí mi obìnrin nígbà náà. Nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló máa ń fi ṣíbí kékeré kán omi sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ kò gba nǹkan mọ́. Àbúrò rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó rò pé eré ni.

2. Ológbò mi, mo há a fún ọmọkùnrin mi. Òun náà ní àìsàn họ́mónù tirẹ̀: ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, síbẹ̀ ó gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ìdajì oògùn ni kí ó máa lọ̀ mọ́ ẹja fún un láàárọ̀. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ fún un, ológbò náà yóò máa sùn ṣáá, àwọn eku yóò sì wá di onílé.

3. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wo ohun tí ojú kò lè rí, àga aláwọ ọ́fíìsì mi, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi tí ilẹ̀kùn kan rẹ̀ kì í ṣí láti inú, ti Kò-Ní-Dùn-Ọ́ ni. Ó ti ń bú ọkọ̀ náà láti ọdún pípẹ́, ó tó kó di tirẹ̀. Àwọn ìwé mi, kí wọ́n kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí mo ti kàwé. Kí wọ́n má fi àwòrán mi kọ́ sí ara ògiri níbẹ̀. Ọrùn mi kò dára nínú fọ́tò.

4. Kí n tó dé orí ohun tó kàn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, nítorí agbẹjọ́rò ní òun kò lè kọ ohun tí kò yé òun.

Níwájú ọ̀fun olúkúlùkù wa, ẹ̀yà ara kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Òun ló ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, tó fi ń sọ fún ara ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra. Nínú àwọn ìdílé kan, jẹjẹrẹ máa ń hù níbẹ̀, ó sì ń ti ara òbí lọ sí ara ọmọ. Bí òbí bá ní ìyípadà tó ń fa èyí nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn da owó ẹyọ kan sókè tó ń wo ojú tí yóò fi balẹ̀. Ẹni tí kò bá jogún rẹ̀ ti bọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ti bọ́. Ẹni tó bá jogún rẹ̀, tí a tètè mọ̀, a ó yọ ẹ̀yà náà kúrò fún un ní kékeré, yóò máa lo oògùn kan láràárọ̀, yóò sì dàgbà dogbó. Ẹni tí a kò bá tètè mọ tirẹ̀, ẹ ti rí ohun tó ṣe bàbá yín.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni èmi àti Ọ̀gá Fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní àfonífojì, tí a ń gba ẹ̀jẹ̀, tí a ń béèrè ta ló bí ta. Nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, a rí i pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni ìyípadà náà ti ṣẹ̀ wá, ní ìran bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Abúlé òkè àti abúlé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ti ń jà lórí ààlà ilẹ̀ kí a tó bí àwọn bàbá wọn, ọmọ ẹnì kan náà ni wọ́n. Nígbà tí a sọ ọ́ fún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí abúlé méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: wọ́n ní irọ́ la ń pa.

5. Fírísà ńlá tó wà ní yàrá ìwádìí mi, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn ìdílé yẹn tó wà nínú rẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í jẹ́ kí ó yọ́ nígbà tí iná bá lọ, mo fi í sí ìkáwọ́ Ọ̀gá Fìlà. Kò gbọdọ̀ tà á. Kò gbọdọ̀ kó o lọ sí ibi tí àwọn tó ni ín kò ti lè wá bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹ mọ̀ pé mo bá ọkùnrin yìí yan odì fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà wọ ọ́fíìsì. Kò-Ní-Dùn-Ọ́ ló di alárinà wa. Èmi á ní kó bá mi sọ fún un pé kó pa ilẹ̀kùn fírísà dé, nígbà tó sì jẹ́ pé ọkùnrin náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà, ó ń gbọ́. Òun náà á ní kó bá òun sọ fún mi pé òun ti pa á dé.

Ohun tó ṣe kò ju ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ lọ: ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, àgbà ilé la ń sọ ọ́ fún. Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé òkè tó ń múra láti lọ ilé ọkọ. Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ó jogún àìsàn náà. Ọ̀gá Fìlà kò pè é. Ó lọ bá olórí ẹbí, ó ṣí fìlà, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Olórí ẹbí jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó ní òun kò lè fi aláìsàn tan ará ilé ọkọ rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí wọn. Kí ọmọbìnrin náà tó gbọ́ ohun tó wà lọ́rùn òun, gbogbo ojú pópó ti gbọ́. Ìgbéyàwó dàrú. Ó fi abúlé sílẹ̀ láì gba iṣẹ́ abẹ tí ì bá gbà á là, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà la sì gbọ́ ikú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àwọn obìnrin bá ti rí ọkọ̀ wa lókèèrè, wọ́n á fi ìborùn wé ọrùn.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe òfin tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi títí ó fi sú yín. Ẹlẹ́jẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè la ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, òun nìkan la ó sì dá lóhùn. Ẹni tí kò bá béèrè, a kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, ì báà jẹ́ ọmọ wa.

Ọ̀gá Fìlà lọ bẹ ìyá ọmọbìnrin náà. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí òjò fi pa á, ó padà lọ lọ́dún kejì, ó tún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sọ fún mi, ará abúlé ló sọ. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè fi fírísà náà sílẹ̀ fún.

6. Aago ọwọ́ bàbá rẹ̀ àti àpótí irinṣẹ́ bíríkìlà, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ṣíbí ìrẹ́lé, ti ọmọkùnrin mi ni.

Ọmọ yìí pa mí lẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tí mi ò rò pé mo lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò bá mi sọ ọ́ nílé. Ó wá sí ilé ìwòsàn, ó gba nọ́ńbà bíi ti aláìsàn, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàrin àwọn àgbà títí ó fi kàn án. Ó wọlé, ó kí mi, ó ní: Dókítà, mo wá béèrè. Ó jogún rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú ara rẹ̀ títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í nípa àpá ọrùn rẹ̀, á ní ẹ̀gbà ọrùn tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun ni.

7. Mo dé ibi tó ń dá oorun mọ́ mi lójú.

Nínú fírísà yẹn, ní ìpele kẹta, ìgò kékeré kan wà tó gùn tó ìka. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́bí mi ló wà nínú rẹ̀. Ó fún wa nígbà tí gbogbo ẹbí bàbá rẹ̀ ń fún wa, ó ní tìtorí iṣẹ́ ni, kò sì béèrè. Kò béèrè títí di òní. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó ẹyọ tí a dà sókè fún un. Nígbà tí mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé kí òun mọ̀ ọ́n kí òun lè máa retí rẹ̀ ni? Ó ní òun ti mọ bó ṣe ń parí, òun ni òun mú ṣíbí dání. Mo ní ayé ti yí padà, pé kì í parí bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Mo ṣèlérí.

Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí a ń pè ní Aláròyé, mo wọ yàrá ìgbẹ̀bí, mo gbé ọmọ náà, inú mi ń dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N kò mọ ìgbà tí ìka mi rìn lọ sí ọrùn rẹ̀. Iṣẹ́ ti di ara fún ọwọ́ mi, bí aránṣọ ṣe máa ń fọwọ́ wo aṣọ aláṣọ. Ìyá rẹ̀ rí mi. Ó ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò, pé ọmọ ni òun bí, òun kò bí aláìsàn fún mi. Ó ní kí n jáde. Láti ọjọ́ náà, a ń kí ara wa, wọ́n ń wá sílé nígbà ọdún, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ títí etí mi fi ń dùn, ṣùgbọ́n àárín ìyá àti bàbá rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí. N kò tíì gbé e láti ìgbà náà. Ó ń dùn mí. N kò ní fi í pamọ́.

Mo ti gbé ìgò yẹn sọ́wọ́ rí. Yìnyín ara rẹ̀ yọ́ mọ́ mi níka. Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá náà, ẹ̀rọ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kùn. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Mo dá a padà. N kò lè sọ bóyá ìwà ọmọlúwàbí ni tàbí ìbẹ̀rù. Àkọ́bí mi mọ ojú mi kà. Bí mo bá mọ̀, yóò kà á lójú mi kí n tó jókòó.

Aláròyé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tó bá jogún àìsàn yìí, a máa ń fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó tó kọjá márùn-ún. Ẹ̀rù ọmọ yẹn ń bà mí, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà mí. Agbẹjọ́rò gbé bírò sílẹ̀ níbí yìí, ó bi mí bóyá ohun tí mo ń kọ kì í ṣe ọgbọ́n láti sọ ohun tí mo ṣèlérí pé n kò ní sọ. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Nítorí náà, mo há ìgò náà fún àkọ́bí mi. Kì í ṣe èsì rẹ̀, nítorí kò sí èsì kankan. Ìgò ni. Kí Kò-Ní-Dùn-Ọ́ gbé e fún un nígbà tí mo ṣì wà láyé, kí ó má baà dà bíi pé òkú ló ń lé e kiri. Bó bá fẹ́, kí ó dà á sínú gọ́tà. N kò ní bi í. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́ta má bi í.

8. Kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkìlà mi. Kí ọ̀rọ̀ ẹnu má pọ̀.

Mo bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún.
Ìyá Ọrùn

Àwọn ẹlẹ́rìí: apoògùn tó wà ní ìkóríta wa, àti aládùúgbò mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè.

ÀFIKÚN

Mo ti rò pé mo ti parí. Mo ní láti pe agbẹjọ́rò padà, nítorí ẹsẹ̀ keje kò bá ìgbà mu mọ́. Orí mi ṣì pé. Ẹsẹ̀ mi ti wú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í kọ ìwé.

Kò-Ní-Dùn-Ọ́ gbé ìgò náà lọ bí mo ṣe wí, nínú fúláàsì tó fi ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àkọ́bí mi gbà á, ó lọ tì í sínú fírísà ilé ìdáná rẹ̀ láàrin àwọn ẹja. Ibẹ̀ ló wà títí Aláròyé fi rí i níbi tó ti ń wá yìnyín tí yóò lá. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí nìyí. Ìyá rẹ̀, tí kì í purọ́ fún ọmọ, ní ẹ̀jẹ̀ òun ni. Ọmọ náà rò ó wò. Ó ní: Màmá, ṣé òtútù ò mú un ni?

Wọ́n dé ní àárọ̀ àná. Àkọ́bí mi kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ mí, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sórí tábìlì tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní: Màámi, mo wá béèrè.

Àpò iṣẹ́ mi wà nítòsí, mo yọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà fún mi. Kò-Ní-Dùn-Ọ́ ni a ránṣẹ́ pè. Ó so okùn mọ́ ọn lápá, ó wá iṣan, ó gún un. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ náà nìkan ni kò sọ pé kò ní dùn. Ọ̀gá Fìlà ló wá gbé ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bi àkọ́bí mi pé ta ni òun yóò sọ èsì rẹ̀ fún. Ó ní òun nìkan. Ọ̀gá Fìlà ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì yóò gbà. Dókítà ọkàn mi kò bá mi dá ọjọ́ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọmọ mi pe Aláròyé wá síwájú mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ọmọ náà lọ́rùn. Gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn, mo jẹ́rìí pé ìka kò lè mọ nǹkan kan lára ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ìka mi kò sì wá nǹkan kan. Ọrùn ọmọ ni. Ó gbóná, ó ń mì, nítorí kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Mo fagi lé ẹsẹ̀ keje, mo sì fi èyí rọ́pò rẹ̀:

7. Nígbà tí èsì bá dé, kí Ọ̀gá Fìlà sọ ọ́ fún àkọ́bí mi nìkan, lójúkojú, ní ibi tí òun bá fẹ́. Bó bá ní kí àbúrò òun tẹ̀lé òun, kí ó tẹ̀lé e. Bí mo bá ti kú nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má wá kà á sí mi lórí sàréè. Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́, n kò sì béèrè. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wá sọ ọ́ fún mi. Bó bá wá, kí ó mú ọmọ náà dání.

Mo bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, èsì kò tíì dé.
Ìyá Ọrùn

Àwọn ẹlẹ́rìí: apoògùn ìkóríta, àti aládùúgbò mi òṣìṣẹ́ rélùwéè.